Ẹ jẹ́ kí táìlì dúró ná: ìdáhùn fún Ọmọ Ìyá Oníyọ̀ ní Kabba

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Físíò. Èmi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ìyá mi fi sílẹ̀ ní Kabba, lójú ọ̀nà ọjà. Iyọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Ìyá Oníyọ̀. Ní báyìí a ti ń ta ìrẹsì, òróró, ọṣẹ, mílíìkì àti àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́. Nígbà ayé wọn, àwọn àgbà ló máa ń kún iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí láti àárọ̀. Ní báyìí, ọmọ ni wọ́n ń rán, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ránni mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá fẹ́ fowó ránṣẹ́ kí n tún ibẹ̀ ṣe. Ó ní ká fi táìlì dídán àti ilẹ̀kùn gíláàsì sí i kó lè dà bíi súpámákẹ́ẹ̀tì. Àwa onítàjà mẹ́sàn-án tí ṣọ́ọ̀bù wa tò tẹ̀ léra náà sì ti ń sọ pé ká dáwó jọ ṣe nǹkan kan. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe tí àwọn àgbà á fi padà wá?” (Ọmọ Ìyá Oníyọ̀, Kabba)

Ọmọ Ìyá Oníyọ̀, okun o. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín ní Àbújá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí owó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí táìlì dúró ná.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe físíò. Kíkọ́ ẹni tó ṣubú bó ṣe máa dìde rìn padà niṣẹ́ mi. Ohun kan tí iṣẹ́ náà fi yé mi ni pé àgbà kì í dédé jáde nílé. Kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ti rin ọ̀nà náà lọ, ó ti rìn ín bọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Níbo ni ọ̀kadà máa já mi sí? Ṣé mo lè dá gọ́tà yẹn kọjá? Bí wọ́n bá ní kí n dúró de ṣénjì, níbo ni n ó fìdí lé? Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí ńkọ́? Ta ni yóò bá mi gbé ẹrù dé etí títì? Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìbéèrè wọ̀nyí kò bá ní ìdáhùn, á pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, á ka owó lé e lọ́wọ́, á padà sórí àga. Ọjọ́ náà lẹ pàdánù rẹ̀. Ẹrù yín kò ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀nà tó dé ìdí ẹrù ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyá kan wà ní ìhà Ìjùmú tí mo tọ́jú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wọn ní orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ sọ́jà mọ́. Mo yẹ orúnkún náà wò. Ó ń dùn wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì sì jìnnà ju ọjà lọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ jáde ni ìyá tó sọ òótọ́ fún mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò máa ń lé wọn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ilé ìtọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ní ọjà. Bí wọ́n ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn ka iwájú ọmọkùnrin ńlá ni wọn ò mọ̀, ni wọ́n bá kúkú ti gbogbo rẹ̀ sí orúnkún lọ́rùn.

Nítorí náà, ilé ìtọ̀ ni màá fi ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kò sẹ́ni tó ń fẹ́ náwó sí. Púpọ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa omi ara jáde. Àtọ̀gbẹ náà ń mú ni tọ̀ léraléra. Ní ti ọkùnrin, ẹran kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní prostate, máa ń wú bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí òun lè yà sí kì í mu omi kó tó jáde, àìmumi yẹn ló sì máa ń mú kí òòyì kọ́ ọ nínú oòrùn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án kò nílò ju ilé ìtọ̀ kan lọ. Kó má jẹ́ ṣáláńgá tí wọ́n ń lóṣòó sí, nítorí ẹni tí orúnkún ń dùn lè lóṣòó tán kó má lè dìde. Kó ní ìjókòó, kódà kó jẹ́ símẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́n. Kí irin ìdìmú wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí omi wà, kí ilẹ̀ má yọ̀. Ohun kan tí bíríkìlà àti kápẹ́ńtà kì í rántí rèé: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí síta. Bí èèyàn bá ṣubú sínú ilé ìtọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ara rẹ̀ gan-an ni yóò dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ kékeré kan tí ìyá àgbà á máa wá kiri. Ìtìjú kejì nìyẹn.

Lẹ́yìn ilé ìtọ̀, àga ló kàn. Ẹ sọ pé àwọn àgbà máa ń kún iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà ayé ìyá yín. Ẹ rántí dáadáa: kí ni wọ́n ń jókòó lé nígbà náà? Mo lè fi ọrùn mi dúró pé bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀, pé bóyá ọjọ́ tí bẹ́ǹṣì yẹn kán ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí kò sì sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Dídúró lójú kan le fún àgbà ju rírìn lọ. Bí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí a bá dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, orí á fúyẹ́. Àgbà tó dúró níwájú kàńtà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè máa rẹ́rìn-ín sí yín, kó sì máa wá ohun tí yóò fọwọ́ tì.

Àga tó dára kì í ṣe àga tó rọ̀. Ẹ fi àga àjókòórì sílẹ̀ fún pálọ̀. Ẹni tó bá rì sínú rẹ̀, ọkùnrin méjì ni yóò fà á jáde. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà fi igi tó nípọn ṣe àga tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 48 láti ilẹ̀, kó ní ibi ìfẹ̀yìntì, kó sì ní apá méjèèjì tí èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀ dìde. Apá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ lórí ìjókòó, bó ṣe máa ń rí lórí àpótí ìdáná, iṣan itan á ṣe iṣẹ́ ìlọ́po kí èèyàn tó lè dìde, iṣan itan yẹn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ joro bí a ṣe ń dàgbà. Àga rọ́bà aláwọ̀ funfun tí gbogbo ayé ń lò ní apá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Bí àgbà bá tẹ apá kan rẹ̀ láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pàápàá lórí táìlì.

Ibi tí ẹ máa gbé àga sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kó wọn sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni fi ẹrù pamọ́. Abẹ́ òrùlé níta ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó kọjú sí ọ̀nà. Ẹni tó ti ń gbé ìlú yìí fún àádọ́rin ọdún fẹ́ rí ẹni tó ń kọjá, kó béèrè ọmọ ta ni, kó sì sọ fún onítọ̀hún pé òun mọ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ìyẹn láràárọ̀, owó iyọ̀ ò ní gbé ibòmíràn lọ. Àga méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án, ìjókòó méjìdínlógún nìyẹn lójú ọ̀nà kan. Ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni pé kí ibi ìjókòó má jìnnà sí ara wọn ju 50 mítà lọ. Ẹ̀yin á ti kọjá wọn láìná ju owó pákó àti ìṣó. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ yín kó páálí ìndómì lé àga náà lórí.

Ó kan gọ́tà àti àtẹ̀gùn. Mo mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí: títì, lẹ́yìn náà gọ́tà tó jìn dé orúnkún, lórí gọ́tà pákó méjì tó ń mì, lẹ́yìn pákó àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ga bí ẹni fẹ́ gun ẹṣin. Ọ̀dọ́ ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àgbà rí odò. Ẹ pa owó yín pọ̀, kí bíríkìlà dà kọnkéré tó ní irin nínú bo gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kí ẹni tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ àti ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú lè jọ kọjá. Ẹ fi ihò tí wọ́n á ti máa kó pàǹtí inú gọ́tà sílẹ̀, kí ẹ má bàa di omi òjò lọ́nà kó wá ya wọlé bá yín.

Àwọn kan á sọ fún yín pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló dára ju àtẹ̀gùn. Ó dára, bí àyè bá wà. Ìwọ̀n tí a fi ń ṣe é ni pé bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ẹnu ọ̀nà yín bá fi sẹ̀ǹtímítà 45 ga ju ìta lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á gùn tó mítà 5 ó lé díẹ̀, á sì ti wọ àárín títì lọ bá tírélà. Èyí tí mo máa ń rí káàkiri, tí wọ́n ṣe ní gígùn mítà kan péré láti lè sọ pé àwọn náà ní i, ewu lásán ni. Orí rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti máa ń yí sẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀bù kan nínú yín bá wà tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tòótọ́ síbẹ̀, kí ẹ̀yin yòókù máa gbé ọjà lọ bá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Òfin Nàìjíríà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 láti dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara kúkú sọ pé ó yẹ kí irú wọn lè wọ ibi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀, ó sì fúnni ní ọdún márùn-ún láti tún ilé ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé.

Ní ti ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín ga, àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ ló máa tún nǹkan ṣe. Kí gbogbo wọn ga dọ́gba, nítorí ẹsẹ̀ máa ń rántí gíga àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, tí ìkejì bá yàtọ̀, á kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi páìpù roboto ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní gíga bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo wí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀ á fi òsì dì í mú nígbà tó ń gòkè. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ òsì yẹn á ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi ọ̀dà yẹ́lò kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ ran ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn lọ́wọ́, ohun tí a fi ń kọ́ wọn ni pé ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí táìlì ẹ̀gbọ́n yín. Táìlì dídán tí omi òjò ara bàtà bá kán sí máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Tí kò bá tilẹ̀ tutù, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lórí rẹ̀ á jọ omi lójú àgbà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni ogójì ọdún tó bá ṣubú á gbọn ara nù, á sì bú táìlì. Ẹni ọgọ́rin ọdún, egungun ìgbáròkó rẹ̀ lè kán, kó má sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Símẹ́ńtì tí bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ gbo nígbà tó ṣì tutù kì í yọ̀, owó rẹ̀ ò tó ìdajì. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ táìlì dandan, kí wọ́n ra èyí tí ojú rẹ̀ kì í yọ̀, tí kì í dán, aláwọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tó ní dúdú àti funfun bí ọ̀pọ́n ayò máa ń da ojú rú, àgbà á máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni pé ibi dúdú yẹn jẹ́ kòtò.

Ti gíláàsì, èmi fúnra mi ti fi iwájú orí gbá ilẹ̀kùn gíláàsì ní Lọ́kọ́ja rí, ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n nù ún mọ́ títí kò fi sí mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó wá ní “ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá”. Ilẹ̀kùn igi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀ dalẹ́ ń sọ pé kí àlejò máa bọ̀. Gíláàsì tó tì, tó sì wúwo láti fà, ń sọ nǹkan mìíràn.

Ibi tó yẹ kí díẹ̀ lára owó Àbújá lọ ni iná. A sábà máa ń sọ pé ojú àgbà ti ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Ọmọlójú ń kéré sí i, gíláàsì inú ojú ń pọ́n, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọgọ́ta ọdún lè má ju ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ ogún ọdún. Gílóòbù kan tó ń ṣẹ́jú lókè àjà kò tó. Ẹ fi sólà kékeré tan iná méjì sórí kàńtà àti ọ̀kan sórí àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ sì kọ ojú wọn sí ọjà, kó má ta sí oníbàárà lójú. Ojú àgbà kì í tètè gba òkùnkùn lẹ́yìn tó bá ti inú oòrùn dé. Fún bíi ìṣẹ́jú kan tó bá kọ́kọ́ wọlé, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan, nítorí náà ẹ má kó àpò ìrẹsì sí ẹnu ọ̀nà. Iye owó, ẹ fi dúdú kọ ọ́ sórí funfun, kí nọ́ńbà ga tó ìbú ìka méjì. Ẹ má fi búlúù kọ ọ́ sórí àwọ̀ ewé. Gíláàsì inú ojú tó ti pọ́n máa ń da àwọ̀ méjèèjì pọ̀.

Etí náà wà níbẹ̀. Spíkà ńlá tí ọmọkùnrin tó ń ta káàdì gbé síta láti fi pe oníbàárà, àwọn àgbà ló ń lé lọ. Ohùn tó rinlẹ̀ kì í tètè sá kúrò létí àgbà, ìyẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ ìlù. Àwọn ìró tín-tìn-tín tó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ló ń sá lọ. Ẹ sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà nítòsí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí ṣénjì, tí ọmọ ọ̀dọ̀ á máa sọ pé “Màmá ti gbàgbé”, gbígbàgbé kọ́, àìgbọ́ ni. Kò sì yẹ kí ẹ pariwo, ariwo ń da ohùn rú ni. Ẹ kọjú sí wọn, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ iye náà sórí kalukulétọ̀, ẹ yí i kọ sí wọn. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ yín kò bá gbọ́ Owé, èdè ìbílẹ̀ Kabba, tó jẹ́ pé pijin nìkan ló ń sọ, ẹ kọ́ ọ ní ìkíni ó kéré tán. Kí wọ́n kí àgbà kí wọ́n tó béèrè ohun tó fẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ POS: ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló padà wá sílé ní Kabba, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ń wọ báńkì wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ni wọ́n ń pè síta ketekete fún ẹni tó ń tẹ POS, nítorí wọn kò rí bọ́tìnnì. Bí ẹ bá ń ṣe POS, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé wọn lọ́wọ́ lábẹ́ iná, kẹ́ ẹ yíjú sẹ́yìn. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, ẹ ní sùúrù. Ẹ ka owó lé orí kàńtà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú ọwọ́, nítorí àwọn bébà náírà lè jọra lójú tí kò ríran dáadáa. Ẹ fún wọn ní rìsíìtì ní gbogbo ìgbà. Ní Netherlands, láti ọdún 2019 ni ilé ìtajà Jumbo ti ya kàńtà kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò kánjú, tó fẹ́ bá akápò tàkúrọ̀sọ díẹ̀ kó tó sanwó. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ohun tí ìyá yín ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kabba ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí níbẹ̀.

Ti ẹrù títà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ kàn rántí ẹni tó ń dá gbé: ìwọ̀n kékeré ni kẹ́ ẹ máa dì fún un, ohun tó sì máa ń rà jù ni kó wà láàárín ìbàdí àti èjìká, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ tàbí kó na ọwọ́ sókè. Ẹ tún kó rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀ wá. Ẹyọ kan kì í wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń tà á nítòsí. Ọ̀pá tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti jẹ tán ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sọ́dọ̀ mi.

Ó wá ku bí ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á ṣe jọ ṣe é. Ẹ má kọ ọ́ sí iwájú ibẹ̀ pé “ọjà àwọn arúgbó”. Kò sí àgbà tó máa wọ ibẹ̀. Ẹ wo Sugamo ní Tókíò. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ bíi 800 mítà, tí àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Japan fi ṣe ibi àríyá. Tẹ́ńpìlì kan ló wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n á fi aṣọ tútù nu ara ère kan ní ibi tó bá ń dun àwọn fúnra wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó mu tíì, wọ́n á jẹ nǹkan dídùn, wọ́n á ra ṣòkòtò abẹ́ pupa tí wọ́n gbà pé ó ń mú ara yá. Ọjọ́ tó ní 4 nínú, ìyẹn ọjọ́ 4, 14 àti 24 oṣù, ni ọjà rẹ̀ ń kún jù. Ìyẹn jọ ọjà tiwa tí a ń ka ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá yẹn kì í lọ nítorí pé wọ́n ti dàgbà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń bá lọ, ọjà rírà kàn tẹ̀ lé e ni. Kí ni àgbà ń jáde wá ṣe ní Kabba? Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ kíliníìkì, ìpàdé àwọn tó fẹ̀yìn tì, ìsìn òkú. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí gbogbo àga wà níta, kí omi tútù wà nínú kúlà, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe wà tó lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn.

Kí ẹ tún bá ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kadà kò dára fún ìgbáròkó tó ti le. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹlẹ̀, èèyàn á kàn jókòó sí i. Bí kẹ̀kẹ́ bá lè máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀bù wà, kì í ṣe òdìkejì, ẹ ti gba ẹ̀mí là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ṣírò iná ìsọdá títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ìrìn àwọn tó ti lé ní 65, obìnrin ń rin bíi 0.8, ọkùnrin 0.9. Ẹ fi èyí sọdá títì tó fẹ̀ ní mítà 8: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ìyá àgbà máa lò. Ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rin mítà 160 ó lé láàárín ìgbà yẹn. Ní Singapore, láti 2009 ni àgbà ti lè fi káàdì rẹ̀ kan òpó iná, tí iná á dúró pẹ́ sí i kó lè sọdá. Àwa kò ní iná, ṣùgbọ́n a lè bẹ ọba àti káńsù kí wọ́n fi òkè adínsáré méjì síwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn, pàápàá bí ọ̀nà bá ti dán.

Owó kò ní tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àga lè dé lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dà etí àtẹ̀gùn pẹ̀lú. Ìbòrí gọ́tà àti ilé ìtọ̀ ni ti àdáwó ẹ̀yin mẹ́sàn-án, iná àti ilẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ lọ jókòó sí òdìkejì ọ̀nà lọ́jọ́ ọjà kan, kẹ́ ẹ máa wo iwájú ṣọ́ọ̀bù ara yín bí àjèjì. Ta ló dúró níwájú gọ́tà kó tó kọjá? Ta ló fọwọ́ ti ògiri? Ta ló dé itòsí tó yí padà? Ẹ lọ kí ẹni tó yí padà yẹn nílé, kẹ́ ẹ bi í léèrè lóun nìkan. Bí ẹ bá bi í níwájú èèyàn, “ó dáa o, a dúpẹ́” ni ẹ máa gbọ́, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù wọn bí ẹnu ọ̀nà yín ṣe ga tó. Láti orí ilẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti orí pákó gọ́tà. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wẹ́dà tó gé páìpù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn mẹ́ta ló máa gbà tàbí mẹ́rin.